Àmì Ìgò Lórí Èsì Àyẹ̀wò

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo mutí lónìí. Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí.

Àárọ̀ ni mo gba èsì àyẹ̀wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo fi lo oògùn, kòkòrò hẹpatáítísì C ò sí lára mi mọ́. Àmọ́ dókítà ní, "Ẹ̀dọ̀ yín ti ní àpá o. Ẹ má mutí rárá." Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ilé ló yẹ kí n gbà lọ tààrà. Ìyàwó mi ń retí ìwé yẹn, ó fẹ́ fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Èmi yà sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ mi ní Ṣómólú, mo tẹ́ èsì náà sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè kà á. Múfú, ọ̀kan nínú wọn, ra bíà. "Ẹ̀gbọ́n, àìsàn ti lọ! Ẹ jẹ́ ká fi èyí dúpẹ́."

Ìgò méjì. Kò tiẹ̀ dùn lẹ́nu mi.

Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà. Àmì ìdí ìgò wà láàárín rẹ̀, róbótó, ó ṣì tutù, òórùn bíà ń jáde lára rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Dàmí, kí ni kí n wá sọ fún wọn lọ́la?"

Ó ti sá ìwé náà sórí okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búláòsì tó fẹ́ wọ̀. Atẹ̀wé ni mí. Bébà yẹn á gbẹ, ṣùgbọ́n àmì náà ò ní kúrò.