Kànga Tí Akínjídé Dí

Adépéjú ọmọ mi, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ.

Orúnkún mi, ikọ́ ìyá rẹ àti kànga àdúgbò wa ní Bwari kò jẹ́ kí n sùn.

Èmi ni mo bẹ àwọn ará àdúgbò kí Akínjídé ọmọ rẹ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi kànga náà ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí yunifásítì yàn fún wọn. Wọ́n gbé pọ́ǹpù sí i, wọ́n fi kọnkéré dí ẹnu rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Pọ́ǹpù ti kú, garawa kò sì ráyè wọlé.

Mo pè é, ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n ti fún wa ní máàkì o."

Àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ ò dáhùn ìkíni mi mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Sọ fún Akínjídé kó tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀; ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni màá gbéra wá mú un lọ sídìí kànga náà.