Ẹrù Tí Màmá Fẹ́ Kó Wá sí Èkó

Àǹtí Bísí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Gbogbo wa ní Odode wà dáadáa. Dádì ṣì ń hanrun débi pé òkè Ìdànrè fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Màmá ti gbà láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá wa rí ilé àlejò ìjọ tí kò wọ́n, nígbà tí yàrá yín ti há. Àmọ́ ẹrù iṣu tí Màmá dì fún yín, tírélà méjì ò lè kó o! Mo ní, "Màmá, báàgì kan tó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ máa sùn o."

Ó ní, "Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n gbé lọ bá ọmọ mi? Bí iṣu mi ò bá lọ, èmi náà ò lọ."

Ojú Màmá ò sì ríran dáadáa mọ́. Lánàá, ó kí ewúrẹ́ wa, ó pè é ní Wòlíì.

Nígbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́ fún mi. Ó ní bí iṣu tí òun kó fún yín bá wà lọ́wọ́ òun, ẹ máa wá gbà á, ẹ ò ní fi òun nìkan sílẹ̀ nílé àlejò. Àǹtí, ẹ̀rín tí mo fẹ́ rín kú sí mi lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí. Ẹ sọ fún un pé òun lẹ ń retí, kì í ṣe iṣu. Èmi á bá yín jẹ iṣu náà. Mo lè fara da ìyà yẹn.

Olúwa á sọ yàrá yín kan di mẹ́wàá, kí Màmá lè sùn nínú ọ̀kan.

Èmi ni,
Lóṣèyí