Irọ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Pa fún Bàbá

Eladio àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ara wa le ní Baní níbí. Owó tí o fi ránṣẹ́ ti dé: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péésò ni mo fi ra oògùn ọkàn Bàbá, ìyókù la fi tún páànù ilé ìdáná ṣe.

Ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ni mo fẹ́ sọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbọ́ béésìbọ́ọ̀lù lórí rédíò mọ́, kí àyà rẹ̀ má baà máa já. Mo gbé rédíò pamọ́, èmi ni mo wá ń jíṣẹ́ èsì láràárọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án léraléra ni wọ́n ti na àwọn Pelikáno, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù wa, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo sì sọ pé wọ́n borí.

Lánàá ó ní, "Zoraida, ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí. Ìgbà wo ni wọ́n borí mẹ́sàn-án léra rí? Bóo bá máa parọ́ fún mi, jẹ́ kí wọ́n nà wá díẹ̀, kí n lè gbà ẹ́ gbọ́."

Jọ̀ọ́, bóo bá pè é lọ́jọ́ Sọ́ńdè, sọ fún un pé ayò kan péré ni wọ́n fi nà wá. Má dárúkọ mọ́kànlá sí òdo tí wọ́n nà wá gan-an o. Èmi ò lè sọ ọ́, torí ó ti mọ ojú mi bí mo bá ń parọ́.

Eré mẹ́rìndínlógún ló ṣì kù. Mo ti ṣírò ó: bí wọ́n bá borí méjìlá nínú rẹ̀, wọ́n á wọ ìpele tó kàn, mi ò ní í parọ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín nínú òtútù yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zoraida