Àga Tí Hergeir Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Tórshavn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àǹtí Oluffa mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí àwọn ará ilé yín ní Copenhagen. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi, n kò sì fẹ́ kó rọ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka orúkọ àwọn mínísítà lórí rédíò tí tiyín kò sì sí níbẹ̀, tí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láìdágbére fún ará abúlé kankan, n kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Mo rántí bí Hergeir ṣe jókòó ní ìdáná yín, tó ń gé ẹran àgùntàn gbígbẹ yín jẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má díje. Ẹ kó ìbò abúlé yìí fún mi, ipò mínísítà ẹja ti di tiyín. Bí mo bá fún ẹlòmíì, ẹ jù mí sókun." Ẹ gbà á gbọ́. Ojúlé dé ojúlé lẹ fi orúnkún dídùn yẹn rìn fún un.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta jókòó láti pín ìjọba, ẹgbẹ́ kan mú ìṣúná, ìkejì mú ìlera, Hergeir gba ẹja fún tiwa, ó sì fi ara rẹ̀ sí i. Mo lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Oluffa, wọ́n ti pín ẹran tán. Aago mélòó ni ọkọ̀ yín ń ṣí?"

Àmọ́ ojúkòkòrò kì í jẹ́ kéèyàn ka òfin dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá di mínísítà kò gbọdọ̀ dìbò nílé aṣòfin mọ́. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá tẹ̀ lé e nínú ẹgbẹ́ ló ń gba àga rẹ̀. Hergeir fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé olùdíje, ó ní kí ìwé lè kún ni. Kò mọ̀ pé àwọn tí kò rí orúkọ yín níbẹ̀ máa dìbò fún ọmọ yín. Ẹja ni mò ń là lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé ilé aṣòfin pè mí: "Ṣé ìwọ ni Tóki? Wá gba àga Hergeir."

Àwa tìjọba jẹ́ mẹ́tàdínlógún, àwọn alátakò jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ti gbé àbá wá pé kí a yọ mínísítà ẹja. Ìbò kan ṣoṣo ló kù fún wọn. Ọjọ́bọ̀ la máa dìbò.

Hergeir wá bá mi lánàá. Kò pè mí ní ọmọ Oluffa mọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, ronú o. Bí mo bá bọ́, àga yẹn ni mò ń padà sí. Ìwọ lo máa dìde."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́ta ni ọkọ̀ wa ń ṣí."

Ẹ máa ń sọ pé kí n dárí jini. Mo gbọ́, Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìbò. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó bá jókòó sórí àga yẹn, kó máa rántí pé abúlé wa ló sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ líle gbé yín wálé kí ìjì òtútù tó dé. Ojú kò ní tì yín mọ́ láàárín ẹgbẹ́.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ tọ́,
Tóki.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: bàtà rọ́bà mi tí ẹ ní lórí fóònù pé kí n fi tọrẹ, n kò fi tọrẹ o. Mo máa wọ̀ ọ́ padà síbi iṣẹ́ ẹja lílà lọ́jọ́ Ẹtì.