Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Dá Lẹ́nu Ọlágòkè

Àǹtí Mọ́ládé,

Nínú gbogbo Ṣakí, èmi Jẹ́ẹ́dé nìkan ni mo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láàárọ̀ yìí! Àmúdà ayọyín fi orúnkún tẹ àbúrò wa Ọlágòkè láyà, ó ki ẹ̀mú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fa eyín yọ. Ẹ̀jẹ̀ tú bí ẹni dúńbú màlúù méje. Wọ́n fi òwú dí i títí, kò dá. Ni Ọlágòkè bá dìde, ó fẹ̀ṣẹ́ lu Àmúdà lẹ́nu, eyín tiẹ̀ náà fò yọ.

Ọlágòkè ní, "Olóríburúkú, o fẹ́ pa mí!"

Ogún ọkùnrin ni mo fọwọ́ kan dì mú, wọn ì bá lu Àmúdà pa.

A ti gbé Ọlágòkè dé ọsibítù, aṣọ ìbora ni mo sáré wá mú nílé, mo tún ń padà lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn látìgbà tí ibà pọ́njú ti mú un. Òun ni kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ rẹ̀ dì, òun ló ń mú èrìgì rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Àwa ń ní orín ló ń ha á lẹ́nu! Nọ́ọ̀sì ní àìsàn náà lè ràn nínú ẹ̀jẹ̀; ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lo abẹ Ọlágòkè o.

Bàbá ń bọ̀ látoko. Wọ́n á fẹ́ lọ ṣá Àmúdà pa. Mo ti gbé àdá sórí àjà; ẹ má fi hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ ni.

Mo mọ̀ pé mo máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ti ẹ̀dọ̀ yìí, n ò bu nǹkan kan mọ́ ọn. Àǹtí, ẹ gbà mí gbọ́ dandan!