Ọsàn Tí Bọ̀dá Mọ́nsúrù Kò Mu

Nasarawa Gwong,
Jos.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1984.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Mọ́nsúrù,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé ara yín le, ṣé ọjà sì ń tà láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Ìlọrin? Ọyẹ́ ti la gbogbo wa létè níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára wa ní ọsibítù kí ẹ tó lọ. Dókítà Moses fẹ́ mọ bí fítámìnì ṣe pọ̀ tó lára àwa tí ìtọ̀ ṣúgà mú láti kékeré, tí a ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní kí kálukú mú ọmọ ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá wá, kí òun lè fi wé tiwa. Èsì ti dé.

Bọ̀dá, èmi aláìsàn ni tèmi sàn jù! Tèmi dín díẹ̀, tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ìgò wa ni, ó yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì. "Haba, Hàbíbátù! Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń jẹ?" Mo ní ẹ kì í kọ oúnjẹ, àfi ẹ̀fọ́ tí ẹ máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, àti ọsàn tí kò bá yín lára mu.

Màmá tó jókòó tì mí bú sẹ́kún. Ó ní irọ́ ni, pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ràn tó ọsàn tẹ́lẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ pé n kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun dídùn mọ́, tí èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sunkún dalẹ́, ẹ sọ fún òun pé, "Ohun tí Hàbí ò gbọdọ̀ jẹ, èmi náà ò ní jẹ ẹ́." Ọdún mọ́kànlá rèé! Ọsàn, máńgòrò, gúáfà, ẹ ò fẹnu kan ọ̀kankan, èmi sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ò mọ adùn.

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní gbàgbé láé.

Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Màmá tún jẹ́wọ́ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní èrìgì yín tí ẹ bá ń run orín, tí ẹ ní kó má sọ fún mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Dókítà ní àìtó fítámìnì ló fà á, pé ọsàn àti ẹ̀fọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ní èmi gan-an lè mu ọsàn kan lójúmọ́, tí mo bá ti kà á mọ́ oúnjẹ mi. Mo mu àkọ́kọ́ lánàá. Ó kan bí ọtí kíkan, mo sì mu ún tán tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere. Kò ní jẹ́ kí n wá yín tì.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbààwẹ̀ fún,
Hàbíbátù.

Àfikún: Ọsàn mẹ́fà wà lọ́wọ́ Lááwàlì awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Màmá ní kò gbọdọ̀ kúrò níwájú yín títí ẹ ó fi mu ọ̀kan, kó sì mú èèpo rẹ̀ padà wá fún wa.