Orin Màmá Lẹ́nu Tirza

Dádì mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ. Ara mi le. Adìyẹ aláta tí wọ́n ń jẹ ní Nashville níbí ń mú mi sunkún, nǹkan míì kọ́ o.

Ẹ bi mí bí àṣehàn ìparí sáà wa ṣe lọ. Ó lọ dáadáa. Orin tí mo kọ sílẹ̀ nígbà tí Màmá wà ní ọsibítù ni wọ́n fi kádìí ètò. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ lórí ìtàgé. Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ní, "Lorna, ohùn rẹ ò gbé e. Òwò orin ni kó o gbájú mọ́. Jẹ́ kí Tirza kọ ọ́." Tirza ni a jọ ń gbé yàrá. Nígbà tó kọ ọ́ tán, gbogbo èèyàn dìde.

Ọkùnrin kan tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde wá bá àwa méjèèjì. Ó ní òun máa gbà á, "àmọ́ ẹ yọ Jésù kúrò, ẹ fi 'olólùfẹ́' síbẹ̀."

Tirza ní, "Ó ti yá, sà."

Mo ní, "Rárá, sà. Jésù ni ìyá mi ń pè lórí ibùsùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kí wa, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Tirza kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mò ń dá jẹun, mo sì ń ríbi kàwé gan-an.

Ẹ bá mi kí gbogbo akọrin ìjọ. Ẹ sọ fún Àǹtí Joyce pé kí wọ́n má tíì fi ẹlòmíì sí àyè mi láàárín akọrin.

Lorna yín